Ẹyẹ Kì Í Fi Apá Kan Fò

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ òrùka kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe òrùka ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òrùka oògùn. Òrùka ẹsẹ̀ ẹyẹ ni.

Ẹni tí ó bá dúró létí odò Wouri ní Douala ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, nígbà tí omi bá fà, yóò rí i pé ẹrẹ̀ tí ó yọ síta kì í ṣófo. Àwọn Potogí tí ó wọ ẹnu odò yìí ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún pè é ní odò edé. Láti inú orúkọ náà ni a ti rí Cameroon. Ohun jíjẹ inú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa àwọn ẹyẹ etídò wá láti Yúróòpù nígbà tí ooru ibẹ̀ bá ń tán lọ. Òmíràn nínú wọn ní ẹnu gígùn tí ó tẹ̀ bí dòjé. Kí oṣù kẹwàá tó parí, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ òkè òkun a ti dé pẹ̀lú.

Báwo ni a ṣe mọ ibi tí wọ́n ti wá? Ní 1822, wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan ní Klütz ní Jámánì, tí ọ̀kọ̀ Áfíríkà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní 1899, Hans Christian Mortensen, olùkọ́ kan ní Viborg ní ilẹ̀ Denmark, fi òrùka àlùmíníọ̀mù tí ó ní nọ́mbà sí ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ, ó sì jù wọ́n sílẹ̀. Olùkọ́ bí tiwa ni! Ní oṣù karùn-ún 1911, John Masefield fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejìlá 1912, wọ́n mú ẹyẹ náà ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bí ogún gíráàmù lọ! Bí ẹni tí ó rí i bá ti ju òrùka náà nù, tí kò kọ lẹ́tà, ta ni ìbá gbọ́?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Ní Ebbaken ní ilẹ̀ Boki, ní ìpínlẹ̀ Cross River, tí kò jìnnà sí ààlà Cameroon, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ó ti ń wọ̀ sùn nínú eèsún. Àtè ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń mú wọn jẹ. Èmi kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ òrùka. Bí a bá sọ ọ́ di ohun ìṣeré ọmọdé tàbí ohun ìsọmọ́rùn, ìwé tí a kọ sí wa ni a ya láìkà.

Ẹnìkan lè wí pé iṣẹ́ àwọn òyìnbó ni èyí, kí wọ́n máa ṣe é. Mo kọ̀ ọ́. Ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ tí a ń pè ní APLORI ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ òrùka yìí. Ìdajì ọdún ẹyẹ wọ̀nyí ní ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń lò ó. Bí àwa kò bá kọ ìdajì tiwa, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa fi àbá pa ìtàn ilẹ̀ wa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní nǹkan mẹ́ta. Bí ẹyẹ olórùka bá wà láàyè, kí wọ́n da gbogbo lẹ́tà àti nọ́mbà ara òrùka náà kọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹyẹ náà máa lọ pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Bí ó bá ti kú, kí wọ́n tọ́jú òrùka náà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n ti rí i, àti bí wọ́n ṣe rí i, kí olùkọ́ sì fi í ránṣẹ́ sí orúkọ tí ó wà lára òrùka, tàbí sí EURING, ẹgbẹ́ tí ó so àwọn olórùka Yúróòpù pọ̀ láti 1963.

Ìwé kíkà, ìṣirò, ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, àti òtítọ́ sísọ: gbogbo rẹ̀ wà nínú lẹ́tà kan ṣoṣo yìí. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ìmọ̀ pẹ̀lú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.