Ohun tó ń lé àwọn abiyamọ kúrò lórí pápá

Bí ẹ bá dé àgbègbè pápá ìṣeré Sùúrùlérè láàárọ̀ Sátidé, ẹ óò rí wọn. Àwọn ìyá tí wọ́n ń sáré dáadáa nígbà tí wọ́n wà ní iléèwé, tí wọ́n ti wá bí mẹ́ta, mẹ́rin, tí àbígbẹ̀yìn wọn náà ti wọ jẹ́léósinmi, tí wọ́n wá ń wá ara tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ kiri. Wọ́n á ti ra bàtà kàńfáàsì tuntun, wọ́n á ti so tówẹ́ẹ̀lì mọ́rùn. Wọ́n á wá lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n á wá lọ́sẹ̀ kejì. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pòórá. Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Lóòótọ́, iṣẹ́ pọ̀. Obìnrin tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù, aago mélòó ló fẹ́ jí kó tún tó sáré? Àwọn ọkọ kan náà sì wà tó jẹ́ pé ẹnu wọn ò dákẹ́ lórí ikùn ìyàwó wọn, àmọ́ tí ìyàwó bá ní òun fẹ́ jáde fún wákàtí kan, kò sẹ́ni tó máa wẹ ọmọ, kò sẹ́ni tó máa po ògì. Ṣé ikùn ọ̀hún á dédé lọ fúnra ẹ̀ ni?

Àmọ́ ìdí mìíràn wà tí wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, àní wọn kì í sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń sáré. Ìtọ̀ ni. Wọ́n á fò sókè lẹ́ẹ̀kan, á jò. Wọ́n á sín, á jò. Wọ́n á rẹ́rìn-ín dénú, ó tún di kí wọ́n máa fẹsẹ̀ pọ̀. Ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n wí, wọ́n á kàn jókòó sílé. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti máa ń ráyè bá èèyàn.

Kì í ṣe àrùn ìtìjú rárá. Iṣan kan wà nísàlẹ̀ ìdí tó gbé àpò ìtọ̀ àti ilé-ọmọ dúró, bí ìgbà téèyàn bá ta aṣọ sábẹ́ ẹrù. Oṣù mẹ́sàn-án ni oyún fi ń tẹ̀ ẹ́, ìrọbí tún wá fà á gbọọrọ. Iṣan iwájú ikùn náà á yà sí méjì láàárín. Ti àwọn kan á padà pọ̀, ti àwọn mìíràn ò ní pọ̀ tán. Àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi ń fi ọ̀já di ikùn ọlọ́mọ tuntun. Ọ̀já dára, ó ń gbé ikùn ró, àmọ́ kò lè bá iṣan ṣiṣẹ́ tí iṣan fúnra ẹ̀ yẹ kó ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Kí obìnrin fún ìsàlẹ̀ ara ẹ̀ pọ̀ bíi pé ó fẹ́ mú ìtọ̀ àti isó mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà, kó fà á sókè sínú, kó ka ení dé àrùn-ún, kó wá tú u sílẹ̀ pátápátá. Kó má sé èémí o. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kó ṣe é ní ìgbà 8, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3 ó kéré tán. Nínú dánfó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó ṣeé ṣe. Kọ̀ńdọ́ ò lè mọ̀.

Bó bá ti ń ṣe ìyẹn, kó máa rìn, kó má tíì sáré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún ti pé e. Ẹni tó bá bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiẹ̀ ti rí díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ sáré bíi ti ìgbà ọmọge lọ́jọ́ kìíní gan-an ni orúnkún ń dá dúró. Shelly-Ann Fraser-Pryce, ará Jàmáíkà, bímọ nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ lóṣù kẹjọ ọdún 2017. Ọdún 2019 ló tó padà gba góòlù àgbáyé fún mítà 100 ní Dóhà, ìṣẹ́jú àáyá 10.71 ló sì fi sá a. Ọdún méjì gbáko nìyẹn, eré sísá sì niṣẹ́ ẹ̀, ó ní olùkọ́. Kí ló wá ń kán ìyá tó ń ta aṣọ ní Bàlógun lójú?

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń yọ lẹ́nu, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ara òun, tàbí tó ti ṣe oṣù 3 pé tí ìtọ̀ ṣì ń jò, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Àwọn físíò wà ní UCH n'Íbàdàn, wọ́n wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kó ṣáà ti sọ fún dókítà pé, "Ìtọ̀ ń jò lára mi." Kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé jìnnà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ.