Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ dókítà jẹjẹrẹ, ohun tó ń dúró dè yín rèé o

Jẹjẹrẹ kì í ṣe àìsàn táwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti dárúkọ. Bó bá mú ẹnì kan ládùúgbò, wọ́n á ní àìsàn ráńpẹ́ ni, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń bá a jà. Bẹ́ẹ̀ àìsàn náà kò mọ gbajúmọ̀. Lọ́dún 2009 nìkan, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa Gani Fawehinmi, jẹjẹrẹ ilé ẹyin sì pa Maryam Babangida.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń kú. Àwọn tó tètè gbàtọ́jú, tí wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn, wà nílẹ̀ yìí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ dókítà lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀. Wọ́n á gbọ́ iye owó, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á gba ilé alágbo lọ. Ìgbà tí wọ́n á fi padà wá, kókó tí kò ju ẹyọ àgbàdo lọ ti di egbò.

Ẹ fi jẹjẹrẹ ọmú ṣe àpẹẹrẹ, òun ló ń yọ àwọn obìnrin wa lẹ́nu jù. Wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó obìnrin kan lọ sí láàbù, èsì ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n wá kọ lẹ́tà fún un pé kó máa lọ sí UCH, n'Íbàdàn, tàbí LUTH, n'Ídìí-Àràbà, l'Ékòó. Kí ló yẹ kó mú dání? Lẹ́tà náà, ojúlówó èsì àyẹ̀wò, síkáànì tó bá ti ṣe, àti orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò. Kó má fi àgbo pamọ́ o! Àwọn ewé kan ń da ẹ̀dọ̀ láàmú, ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló sì máa gba oògùn jẹjẹrẹ. Ẹran ara tí wọ́n gé, tí láàbù fi sínú ìda, kó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú ẹ̀, torí dókítà lè béèrè rẹ̀.

Kó má dá lọ. Ọkọ ni o, àbúrò ni o, kó ṣáà jẹ́ ẹni tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀, tó lè kọ ohun tí dókítà bá sọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní ó ní jẹjẹrẹ, ìdajì ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Kó jẹun kó tó kúrò nílé, torí èrò máa ń pọ̀. Nọ́ọ̀sì á wọn ìfúnpá rẹ̀, á wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n àti bó ṣe ga tó. Òun ni wọ́n fi ń ṣírò ìwọ̀n oògùn. Dókítà á béèrè ìgbà tó ti rí kókó náà, ọmọ mélòó ló bí, ṣé ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní irú ẹ̀ rí. Kó má purọ́. Á ní kó bọ́ aṣọ òkè, á fọwọ́ yẹ ọmú méjèèjì, abíyá àti ọrùn wò. Bójú bá ń tì í, kó ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró ti òun.

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé wọn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lọ́jọ́ yẹn. Àyẹ̀wò ni wọ́n á tún kọ: ti ẹ̀jẹ̀, ti kíndìnrín, ti ọkàn, àti síkáànì. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ jẹ owó ẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́ àti ibi tó rìn dé, láti ìpele kìn-ín-ní dé ìkẹrin. Èyí ló máa sọ bóyá iṣẹ́ abẹ ni, tàbí oògùn kẹ́mò tí wọ́n sábà ń fà síni lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, tàbí iná ìtànṣán, tàbí oògùn oníhóró. Ẹlòmíràn á gba gbogbo ẹ̀.

Kó má dìde láì béèrè: Ṣé ẹ lè wò ó tán, àbí ẹ kàn fẹ́ dẹ̀ ẹ́ lára ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni màá gba oògùn, èló sì ni gbogbo ẹ̀? Ṣé mo ṣì lè bímọ? Bára mi bá gbóná lẹ́yìn kẹ́mò, ta ni kí n pè? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe eré. Kẹ́mò máa ń dín agbára tára fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù. Ibà tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀ kì í ṣe ti Panadol kẹ́míìsì, ọsibítù ni kó sáré lọ, bó ṣe òru.

Ní ti owó, àpò ara wọn lọ̀pọ̀ ìdílé fi ń gbé e. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìlànà adójútòfò ìlera ti NHIA, kó béèrè ohun tí wọ́n máa san. Kó dé ọ́fíìsì social welfare ọsibítù náà, kó sì béèrè nípa Cancer Health Fund tíjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fáwọn tí kò lówó lọ́wọ́.

Àdúrà dáa, kí pásítọ̀ àti àlùfáà máa gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí dókítà bá dá fún un, kó má yẹ̀ ẹ́. Jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹni tó ṣì ń rò ó.