Ẹ má fi «Mo» bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà.

Ẹ wo lẹ́tà tí ìyá kan lè kọ láti Kétu sí ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu:

«Mo kí ọ. Mo ta ẹ̀gúsí. Mo gbé bàbá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ra oògùn. Mo fẹ́ kí o wá.»

Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n «Mo» ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn, gbogbo wọn sì dọ́gba. Ọmọ kò mọ ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Kò mọ ìdí tí ìyá fi ta ẹ̀gúsí. Ṣé kí ó wá lónìí ni, àbí nígbà ọdún? Kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún un kọ:

«Ọmọ mi, mo kí ọ. Láti alẹ́ ọjọ́ ọjà ni ara bàbá rẹ kò ti yá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Torí owó oògùn ni mo ṣe ta ẹ̀gúsí. Bí o bá ti gba lẹ́tà yìí, máa bọ̀ nílé.»

Báyìí, ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ń sọ ìgbà, ó ń sọ ìdí. Ọmọ á tètè wọ ọkọ̀.

Ẹnu wa ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín pé: «Kí ni ẹ tà?», ẹ ó ní: «Ẹ̀gúsí ni mo tà.» Bí wọ́n bá ní: «Ta ló tà á?», ẹ ó ní: «Èmi ni mo tà á.» Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni à ń gbé síwájú. Ọwọ́ wa ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà torí ẹwà nìkan. «Ẹ̀gúsí ni mo tà» kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú «Mo ta ẹ̀gúsí». Ibi tí «Mo» bá ti yẹ, ẹ fi í sílẹ̀.

Lálẹ́ òní, ẹ mú lẹ́tà kan tí ẹ ti kọ. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ bi ara yín pé: Nígbà wo? Níbo? Nítorí kí ni? Ẹ tún un kọ, kí ẹ sì kà á sókè fún ẹni tí ó wà nítòsí. Ibi tí kò bá yé e, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́.