Irọ́ ní ogún ọdún, òtítọ́ ní oṣù méjì

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n wá sọ ibi tí mo bá iṣẹ́ ìwé dé, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe ni. Ó gùn díẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbà á lónìí, kó fò ó kọjá, mi ò ní bínú.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tí a jọ dàgbà ládùúgbò kan náà nílé pè mí. Ó ní kí n sọ ọ́, tí mi ò bá ti dárúkọ òun. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí bọ̀dá tó ń kọ́ wa ní lẹ́sìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró lẹ́yìn tí àwa yòókù bá ti lọ sílé. Ó ti pé ọdún 24 báyìí. Ó sọ fún màmá àgbà nígbà náà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Nígbà tó tún wá sọ ọ́ lọ́dún yìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í ni pé, "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí?" Ó sunkún títí lórí fóònù, ó wá ní, "Jọ̀ọ́, ṣé ó ti pẹ́ jù ni?"

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Àmọ́ tí ẹni tó ń ṣe PhD ò bá mọ nǹkan míì, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìwé. Mo lọ ṣí ìwé òfin.

Nínú Criminal Code ti Nàìjíríà tí mo ṣí, abala 218 ní ẹni tó bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lòpọ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ka ohun tí wọ́n so mọ́ ọn: wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà láàárín oṣù méjì tí nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀. Abala 221, tó wà fún àwọn tó ti pé 13 àmọ́ tí wọn ò tíì pé 16, gbèdéke kan náà ló ní. Oṣù méjì! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òfin yìí ní rárá o, tí òtítọ́ ò bá tíì dé láàárín ọgọ́ta ọjọ́, kó padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù méjì nínú ilé tiwa. Ọmọ ò ní sọ lọ́jọ́ kìíní. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ní ẹ̀fọ́ ni. Kò tiẹ̀ mọ orúkọ ohun tí wọ́n ṣe sí òun, ẹni tó ṣe é sì ti ní òun á pa á tó bá sọ. Ká ní ó wá sọ lọ́sẹ̀ kẹta. Màmá ní ká dúró kí bàbá dé. Bàbá dé, wọ́n ní ká pe àwọn àgbà ẹbí. Ẹbí pàdé lọ́jọ́ Sunday, wọn ò fẹnu kò, wọ́n sún un síwájú. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà gbé pásítọ̀ tàbí ààfáà wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ká fi ti Ọlọ́run ṣe é, ká ro ti orúkọ ọmọ, ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la. Ẹ bá mi ka ọjọ́ wò. Wọn ò nílò láti parọ́, wọn ò nílò láti sẹ́. Kí wọ́n ṣáà máa bẹ̀bẹ̀ títí oṣù méjì á fi pé, ó ti parí.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Àgbàlagbà ló pa ọmọ lẹ́nu mọ́, òfin wá ń ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ọmọ lọ́rùn bíi pé òun ló yàn án.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àṣà wa ni. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni irú òfin yìí ti wá. Lọ́dún 1885, òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 13 sí 16 níbí fi oṣù mẹ́ta ṣe gbèdéke. Wọ́n ń fà á gùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọdún kan, òfin ọdún 2003 wá gbá a dànù pátápátá. Ní 2013, Stuart Hall, gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, ẹni ọdún 83, jẹ́wọ́ pé òun ṣe ìṣekúṣe sí àwọn ọmọbìnrin 13, èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 9, láti 1967 títí wọ àwọn ọdún 1980. Ó ti kọ́kọ́ bọ́ síta sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ òun o. Ká ní gbèdéke oṣù méjì ló wà nílẹ̀, irọ́ náà ni ì bá bá a wọ sàréè. Àwọn tó yá wa ní ẹ̀wù yìí ti bọ́ tiwọn sọ nù.

Mi ò ní ibí ni ọ̀run o. Tó bá jẹ́ ẹjọ́ owó gbà-má-bínú, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ bá pé 18 ni England fún un, àfi tí adájọ́ bá ṣàánú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní kí wọ́n mú un kúrò ní oṣù kẹwàá 2022. Oṣù kejì 2025 ni ìjọba tó kéde pé àwọn gbà. Scotland ti mú tiwọn kúrò láti 2017. Ní New York tẹ́lẹ̀, tí o bá ti pé 23, o ò lè pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin 2019 sún un dé 55, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí àsìkò wọn ti kọjá, láti oṣù kẹjọ 2019 dé oṣù kẹjọ 2021. Ẹjọ́ tó lé ní 10,000 ló wọlé.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá a lọ́dún 2003 pé tí gbèdéke ẹjọ́ ọ̀daràn bá ti kọjá, òfin tuntun ò lè jí i dìde mọ́. Ìyẹn ni pé gbogbo ọjọ́ tí aṣòfin fi ń sùn, ẹjọ́ ọmọ kan ń kú, kò sì ní jí.

Nílé ńkọ́? Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fi ẹ̀wọ̀n gbére sí i, kò sí oṣù méjì níbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003. Ní oṣù keje 2020, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbá Sẹ́nétọ̀ Olúrẹ̀mí Tinúbú láti yọ oṣù méjì náà kúrò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àbá tí Ilé kan fọwọ́ sí kì í ṣe òfin. Kí ló sì dé tí ìyà ọmọ á fi dúró lórí èwo nínú àwọn òfin wọ̀nyí ni ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé bá mú?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ẹlẹ́rìí á ti kú, èèyàn á ti gbàgbé, ẹnì kan lè fi ọ̀rọ̀ ọdún pípẹ́ ba àgbàlagbà lórúkọ jẹ́. Mi ò fojú tín-ín-rín rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ yíyọ gbèdéke kúrò ò sọ pé kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó fẹ̀sùn kanni ló ṣì máa fi ẹ̀rí hàn. Tí ẹ̀rí ò bá tó, kí adájọ́ dá ẹni náà sílẹ̀. Ẹjọ́ ìpànìyàn ò ní gbèdéke, ẹ̀rí rẹ̀ náà sì ń gbó. Ohun tí mo ń bèèrè ni kí adájọ́ gbọ́ ọ kó tó sọ pé kò tó.

Àwa tí a wà níta yìí, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹni tó ń fowó ránṣẹ́, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ìpàdé ẹbí. Tí wọ́n bá pè yín pé irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n tó pe ìpàdé kankan. L'Ékòó, Mirabel Centre wà ní LASUTH, Ìkẹjà, láti 2013. Tó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ló sọ tiẹ̀ fún yín lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ẹ bi í pé, "Kí lo fẹ́ ká ṣe?"

Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi padà. Mo sọ fún un pé ní ti abala 218 yẹn, ilẹ̀kùn ti tì kí òun tó fi orí ọ̀rọ̀ kó ara jọ, àmọ́ lọ́yà kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà wà nípasẹ̀ ẹ̀sùn míì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá òun á pe ẹjọ́ rárá. Mo ní kò burú. Òun ló ni í láti yàn, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bá nílé, ẹ pè mí níkọ̀kọ̀. Mo wà ńlẹ̀.