Ère Lẹ Ń Rà, Àáké Ńkọ́?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, bí n kò bá sì sọ ọ́, yóò di egbò sí mi nínú. Àwọn ènìyàn wa tí owó wà lọ́wọ́ wọn ti ń kó ohun àtijọ́ jọ báyìí. Èyí dára. Bí ẹ bá wọ pálọ̀ wọn, ẹ ó rí ère ìbejì nínú àpótí onígíláàsì, ẹ ó rí ọpọ́n ọlọ́mọrí tí wọ́n fi pọ́líṣì kùn títí ó fi ń dán bí bàtà sójà, ẹ ó sì rí iṣẹ́ ọrùn agbádá sányán tí a gbé há férémù bí àwòrán. Ẹ bi onílé pé, "Ta ni ó ṣe é?" Yóò ní, "Ohun àtijọ́ ni." Ẹ tún bi í pé, "Níbo ni ó ti wá?" Yóò dárúkọ ẹni tí ó tà á fún un, yóò sì fi iye tí ó rà á kún un.

Ìyẹn kì í ṣe ìkójọ. Ìpàtẹ ọjà ni.

Mo mọ ohun tí mo ń wí. Bàbá tí ó bí bàbá mi, oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ní Ìṣẹ́yìn. Gbárìyẹ̀ àti dàńdógó tí ó ṣe ọnà sí lára kò níye. Nígbà tí ó dolóògbé, ẹ̀gbọ́n mi kan ta agbádá sányán rẹ̀ fún oníṣòwò kan tí ó wá láti ìlú ńlá. Ojú wa ni ọkùnrin náà ṣe fa àlùmọ́gàjí yọ, tí ó gé àyà ẹ̀wù náà níbi tí iṣẹ́ wà, tí ó sì da ìyókù sílẹ̀, ó ní kí a máa fi nu ilẹ̀. Ìyá àgbà kò fọhùn. Wọ́n ká ìyókù aṣọ náà, wọ́n gbé e lé itan. Àpótí igi kékeré tí bàbá ń kó irin iṣẹ́ sí ńkọ́? Ọkùnrin náà ṣí i, ó wò ó, ó ní pàǹtí ni.

Pàǹtí tí ó wí náà nìyí: abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án, àlùmọ́gàjí kan tí alágbẹ̀dẹ rọ, ìdì òwú, àti àkísà funfun kan tí bàbá fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Lára àkísà yìí ni ọnà kan wà tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ibi tí òwú gbà wọlé àti ibi tí ó gbà jáde. Ọnà tí a gbé há férémù kò lè fi èyí hàn yín láéláé.

Àwọn kan yóò ní ó sàn kí òyìnbó kó o lọ ju kí ikán jẹ ẹ́ lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì, òun pẹ̀lú ẹ̀wù méjì. Láti Allada, ní ilẹ̀ tí ó di Benin lónìí, ni wọ́n ti wá. Oníṣòwò kan, Christoph Weickmann, ni ó kó wọn jọ, ìwé tí ó fi ka ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sì jáde ní 1659. Ta ni nínú wa tí ó lè fi ọpọ́n igi tí ó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ hàn mí ní ilé? Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀! Orúkọ agbẹ́gilére ni kò kọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, tí ilé agbẹ́gilére kò jìnnà sí yín ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, èwo ni ẹ̀yin kọ?

Ẹ tún wo Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ dé ibi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924. British Museum fẹ́ rà á. Ọba kò tà á, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí a fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí, èmi náà ń sọ ọ́. Ta ni ó béèrè àáké tí ó fi gbẹ́ ẹ? Ta ni ó béèrè alágbẹ̀dẹ tí ó rọ àáké náà, tàbí owú àti ẹ̀mú tí alágbẹ̀dẹ lò?

Ẹ má fi òfin dá mi lóhùn. Láti 1953 ni òfin ti wà pé a kò gbọdọ̀ kó ohun àtijọ́ jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ, ní 1979 ni ìjọba sì dá àjọ tí ń ṣọ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n irin iṣẹ́ kì í dé ẹnubodè rárá. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lẹ́yìnkùlé wa, tí wọ́n sì ń kó o lọ yọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ère, kí ó ra àáké mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ra àpótí, kí ó béèrè orúkọ ẹni tí ó kàn án, ìlú rẹ̀, àti ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì fi ìwé náà sínú àpótí. Ẹni tí ó bá gé ẹ̀wù, olè ni mo pè é, ìbáà jẹ́ pé ó sanwó. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì, ẹ má sọ fún mi pé ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọlidé kì í ní ìdánwò.

Àpótí bàbá àgbà wà lábẹ́ ibùsùn mi. Mo ti rí orúkọ mẹ́ta nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan ṣì wà láàyè ní Ṣakí, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Ní ọlidé tí ń bọ̀ yìí ni mò ń gbé àkísà náà lọ fún wọn, kí wọ́n fọwọ́ kàn án.