Ilà Ojú Òkúta

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ènìyàn tilẹ̀ pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ilà ojú rẹ̀ yóò sọ ìlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta rí.

Ní Ìyànsàn, iyanrìn àti amọ̀ ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Èsìẹ́, Ìpínlẹ̀ Kwara, ère tí ó lé ní 1,000 wà tí a fi òkúta rírọ̀, tí ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, gbẹ́. Omi gbígbóná inú ilẹ̀ ni ó sábà máa ń sọ òkúta dúdú líle di irú èyí, tàbí di serpentinite, ìbátan rẹ̀.

Àwọn kan ní bí a bá lọ gbogbo òkúta náà kúnná, tí a wọn èròjà rẹ̀, a ó mọ orísun rẹ̀. Èmi kò gbà. Omi ti kó èròjà kan lọ, ó sì ti gbé òmíràn wá. Hóró chromite dúdú tí ó là á já ni ẹlẹ́rìí. Ìwọ̀n chromium àti aluminium inú rẹ̀ lè fi hàn bóyá abẹ́ òkun ni òkúta náà ti ṣẹ̀, tàbí abẹ́ òkè ayọnáyèéfín. Àárín hóró ni kí ẹ bi. Etí rẹ̀ a máa yí padà.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń wa irú òkúta yìí tà kọ́kọ́ fi díẹ̀ pamọ́ fún àyẹ̀wò. Lẹ́búlẹ́bú kì í ní ilà ojú.