Omi Ló Yẹ Kó Yan Ọkọ̀

Bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́, àwọn èèyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri àgbàlá tí wọ́n to ọkọ̀ ojú omi sí ní Portsmouth, Southampton àti Chichester. Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré ni wọ́n ń wá, àlòkù tí ó ti lo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, tí owó rẹ̀ lè má ju ti mọ́tò àlòkù lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe kò pọ̀. Tọkọtaya fẹ́ kó ọmọ méjì sínú ọkọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ nígbà ooru, kí wọ́n gba ojú omi Solent kọjá sí Erékùṣù Wight, kí wọ́n sùn sínú ọkọ̀ ní òru méjì, kí wọ́n sì padà sílé ní ọjọ́ Àìkú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dé àgbàlá náà tán, ọkọ̀ tí ó lè la òkun Àtìláńtíìkì já ni ojú wọn máa ń lọ sí. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe náà ní orírun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, ọkọ̀ 303 gbéra fún ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Fastnet, ìjì líle sì ká wọn mọ́ ojú òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Atukọ̀ 15 ló kú nínú ìdíje náà. Nínú ìsọ̀rí àwọn ọkọ̀ tó kéré jù, ẹyọ kan ṣoṣo ló parí ìrìn àjò náà: Assent, ọ̀kan lára àwọn Contessa 32 tí David Sadler yàwòrán wọn. Ìyìn tọ́ sí ọkọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ra ọkọ̀ bí ẹni tí ìjì ọdún 1979 ṣì ń dúró dè ní ẹnu ọ̀nà. Ìjì ọjọ́un bá àwọn atukọ̀ wọ̀nyẹn níbi tí kò ti sí èbúté nítòsí. Ẹni tí ó ń ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn nínú Solent kì í jìnnà sí ibi ìsádi. Bí rédíò BBC bá kéde pé atẹ́gùn agbègbè òkun Wight yóò dé ìpele kẹfà, kò ní tú okùn ọkọ̀ rẹ̀ rárá. Etí tí ó ń gbọ́ ìkéde àti sùúrù tí ó fi ń jókòó sí èbúté ni yóò kó o yọ, kì í ṣe bí ọkọ̀ rẹ̀ ti wúwo tó.

Ohun tí yóò bá a fínra lójoojúmọ́ ni omi tí ń kún tí ó sì ń fà. Ní ẹnu èbúté Chichester, nígbà tí òkun bá fà jù lọ, omi lè lọ sílẹ̀ tó mítà 4. Ibi tí ọkọ̀ léfòó sí láàárọ̀ a di ẹrẹ̀ lọ́sàn-án. Bákan náà ni èbúté Bembridge rí, àti ọ̀pọ̀ nínú ojú omi Newtown ní Erékùṣù Wight. Ọkọ̀ tí ó ní kíìlì kan ṣoṣo, ìyẹn irin tàbí òjé gígùn tí ń sọ̀kalẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀, kò lè dúró lórí ẹrẹ̀. Yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àwo a yí, epo a dànù, ọmọ tí ó sùn a yí lọ sí ara ògiri. Èyí tí ó ní kíìlì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn a dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àga. Ìyá lè gbé ìkòkò kaná nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ lọ wa akàn nínú ẹrẹ̀ títí omi yóò fi padà.

Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ yìí fi gbè sẹ́yìn ọkọ̀ bíi Westerly Centaur. Láàárín ọdún 1969 sí 1980 ni wọ́n ń kàn án ní Waterlooville, lẹ́yìn Portsmouth, ilé iṣẹ́ Laurent Giles ló sì yàwòrán rẹ̀. Ó lé ní 2,400 tí wọ́n kàn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 26, kíìlì rẹ̀ méjì kò sì nílò ju omi ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ kí ó tó léfòó. Fáíbà ara rẹ̀ nípọn. Nítorí pé ó pọ̀ lójú omi, àlòkù ẹ̀yà rẹ̀ wà káàkiri, ẹni tí ó ti tún un ṣe rí kò sì ṣòro rí. Kò rẹwà lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, imú rẹ̀ sì kúkurú, ṣùgbọ́n àgbàlagbà lè nàró nínú rẹ̀ láìfi orí gbá àjà.

Àwọn tí kò fẹ́ kíìlì méjì ní ẹjọ́ tí ó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í lè súnmọ́ ojú atẹ́gùn bí oníkíìlì kan, ó sì máa ń sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ sáré ìdíje, kó lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ àwọn tí ó sọ pé kí èèyàn kúkú ra ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 32 tàbí 35 kí ó lè yára kò rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀nà tóóró Hurst, ní ìwọ̀ oòrùn Solent, omi ń sáré ju máìlì òkun 4 ní wákàtí kan lọ nígbà tí ó bá le. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 26 ń sáré bíi 5. Èyí tí ó gùn jù ú lọ kò fi púpọ̀ yára jù ú. Àwọn méjèèjì ni yóò dúró de omi. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mítà ni èbúté fi ń ṣírò owó ìdúró, ìgbòkun àti okùn ọkọ̀ ńlá sì wọ́n ju ti kékeré lọ. Bí ó bá sì wu èèyàn láti dé Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé lọ́jọ́ kan, bíi máìlì òkun 60 ni láti àpáta Needles, ìrìn wákàtí 12, ojúmọ́ oṣù kẹfà sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó tí kò bá lọ sórí gígùn ọkọ̀ ló yẹ kí ó lọ sórí àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá ní owó mẹ́ta, kó fi méjì ra ọkọ̀, kó sì fi ọ̀kan pamọ́, nítorí ẹ́ńjìnì tuntun nìkan lè wọ́n ju gbogbo ọkọ̀ lọ. Yorùbá tí ó ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: kí ẹnikẹ́ni tó yí kọ́kọ́rọ́, kí olùrà gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹni tí ń tà á ti tan án sílẹ̀ kí àlejò tó dé, ó sì yẹ kí ó sọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wo àwọn wáyà tí ó di òpó ọkọ̀ mú, pàápàá níbi tí wáyà ti wọ inú irin nísàlẹ̀. Kó fi aṣọ ìnujú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ibẹ̀. Bí fọ́nrán kan bá ti já, yóò fa aṣọ náà ya. Ilé iṣẹ́ adójútòfò púpọ̀ kì í fẹ́ wáyà tí ó ti lé ní ọdún 10. Kí ó tún fi ọ̀bẹ họ àwọn táàpù tí ó ń ti ihò abẹ́ ọkọ̀. Idẹ tí òkun ti jẹ síǹkì inú rẹ̀ tán a pọ́n bíi bàbà, a sì máa rún. Táàpù bẹ́ẹ̀ ń ri ọkọ̀ níbi tí wọ́n so ó mọ́, nígbà tí ẹni tí ó ni ín wà nílé.

Ìléròrò tí ń hù lára fáíbà tí omi ti wọ̀ ni ó máa ń dẹ́rù ba olùrà jù, ó sì jẹ́ ohun tí kò tó ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Agbára káká ni yóò fi ri ọkọ̀. Ibi tí ó yẹ kí ojú mú nínú Centaur ni oríkèé tí kíìlì ti so mọ́ ara ọkọ̀, nítorí a mọ̀ pé wọn kò fún ibẹ̀ ní agbára tó látilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló sì ti mú un le láti inú. Bí ẹni tí ń tà bá ní ìwé iṣẹ́ náà lọ́wọ́, owó ọkọ̀ náà tọ́ sí i. Bí kò bá ní, kí aṣàyẹ̀wò tí olùrà fúnra rẹ̀ sanwó fún wọ abẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú iná.

Apẹja tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé ọkọ̀ ọ̀sà lọ sórí òkun, kì í sì í ra ọkọ̀ òkun fún ọ̀sà. Bí olùrà bá ti pinnu irú omi tí yóò máa rìn, ọjọ́ òjò ni kí ó lọ wo ọkọ̀ rẹ̀, kí ó má dúró de oòrùn. Kó wọlé, kó ti ilẹ̀kùn, kó jókòó jẹ́ẹ́. Kó gbé ibùsùn iwájú sókè, kó fi ọwọ́ kan igi tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé. Bí ọwọ́ bá padà wá ní gbígbẹ lẹ́yìn òjò wákàtí méjì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn dúnàádúrà.